Iṣu Tí A Kò Sè Kì í Di Iyán: Ọ̀rọ̀ Wa Lórí Kòtò Gáàsì Ẹgbẹ́

  

Ní ìpàdé tó kọjá, kọmitíì gbé ọ̀rọ̀ kòtò gáàsì síwájú wa. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ yọ lára owó àjẹṣẹ́kù, kí a fi kọ́ kòtò oníbíríkì kan sí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì tí àwọn ìyá wa ti ń yan gàrí. A ó máa da èèpo ẹ̀gẹ́ àti pàǹtí oko sí i, gáàsì ìdáná yóò sì máa ti ibẹ̀ jáde. Inú ọ̀pọ̀ wa dùn, àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lé e lórí.

Kí ọ̀rọ̀ yé ara wa: àwa tí à ń kọ ìwé yìí kò lòdì sí kòtò náà. Ẹni tó bá ti rí ojú àwọn ìyá wa nídìí agbada gàrí, bí èéfín ti ń mú omi jáde lójú wọn, tó sì mọ iye tí wọ́n ń ra igi ìdáná, kò ní lòdì sí i. Ṣùgbọ́n a yẹ ìwé ìnáwó tí wọ́n pín fún wa wò látòkè délẹ̀. A rí owó bíríkì, owó sìmẹ́ǹtì, owó páìpù, owó bíríkìlà àti owó sítóòfù. A kò rí kọ́bọ̀ kan fún títọ́jú pàǹtí kí ó tó wọ kòtò. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Èrò tiwa ni pé bí a bá dìbò fún kòtò tí a kò dìbò fún ìtọ́jú pàǹtí, a ra ọlọ, a kò ra ọmọ-ọlọ.

Ohun tí a fojú rí

Ní ọdún tó kọjá, àwa mẹ́ta lọ wo kòtò tí ẹgbẹ́ kan kọ́ ní ìlú tí kò jìnnà sí wa. A kò ní dárúkọ wọn, nítorí ẹni tó ṣubú kọ́ ni à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bíríkì wọn dára, sìmẹ́ǹtì wọn kò sán, páìpù wọn gún régé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ojú ibi tí wọ́n ti ń da pàǹtí sí i, òórùn kíkan bí ti omi ògì ọlọ́jọ́ méje ló kọlù wá nímú. Kùùkù àgbàdo àti pòròpórò léfòó sójú omi bí ẹní, wọ́n ṣì le koko bí ọjọ́ tí wọ́n dà wọ́n sí i. Wọ́n ṣáná sí ẹnu sítóòfù, kò gbiná. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti ń fẹ̀sùn kan akápò wọn pé ó jẹ owó páìpù. Akápò kò jẹ nǹkan kan. Ebi ló ń pa àwọn tó wà nínú kòtò, láàárín ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí ẹnu wọn kò ràn.

Ẹ ó bi wá pé, ta ni ó wà nínú kòtò? Ẹ jẹ́ ká ṣe àlàyé.

Bí gáàsì ṣe ń jáde

Kì í ṣe idán. Bí a bá po ìgbẹ́ màlúù tàbí pàǹtí mọ́ omi, tí a dé e pa kí afẹ́fẹ́ má lè wọlé, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí yóò máa jẹ ẹ́. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni gáàsì ń jáde. Nínú ìdá 100 gáàsì yìí, ohun bíi 50 sí 70 ni mẹ́téènì, òun ló ń jó. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, tí kì í jó. Ẹ fojú inú wo àpótí kan tí òró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1. Gáàsì tó bá kún àpótí náà lè ṣe iṣẹ́ ìdajì lítà kẹrosíìnì, kódà ó lè lé díẹ̀. Nǹkan bíi kílò 25 ìgbẹ́ màlúù tútù ló ń mú un wá. Ìdílé ẹni 5 tàbí 6 a máa lo irú àpótí bẹ́ẹ̀ 1 sí 2 lójúmọ́ láti se oúnjẹ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn wá pé kòtò kan yóò yan gàrí gbogbo ìlú.

Iṣẹ́ inú kòtò dà bí iṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì gàrí. Àwọn kan ń bẹ ẹ̀gẹ́, àwọn kan ń rin ín, àwọn kan ń yan án. Bákan náà ni ọ̀wọ́ kòkòrò kìíní ń fa pàǹtí ya, ọ̀wọ́ kejì ń sọ ọ́ di omi kíkan, ọ̀wọ́ kẹta ni ó ń sọ omi kíkan yẹn di gáàsì. Àwọn ọ̀wọ́ kẹta yìí ni ayan-gàrí wa. Wọ́n lọ́ra, wọ́n sì gbẹgẹ́. Wọn kò fẹ́ òtútù, wọn kò sì fẹ́ kí omi kan jù. Ooru tó tó dígírì 35 ló bá wọn lára mu jù, ilẹ̀ tiwa kò sì jìnnà sí i. Àǹfààní ńlá nìyẹn, torí àwọn ará ilẹ̀ òtútù ní láti dáná sí kòtò tiwọn.

Bí abẹ̀gẹ́ bá yá jù, ẹ̀gẹ́ á kún ilẹ̀, ayan-gàrí kò ní lè kápá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á kan. Bí abẹ̀gẹ́ bá sì lọ́ra jù, ayan-gàrí á jókòó lásán, iná á kú. Àrùn méjèèjì yìí ló pa kòtò tí a lọ wò.

Àrùn kìíní: èèpo ẹ̀gẹ́

Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tó ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé, nítorí náà èèpo ẹ̀gẹ́ kò lè wọ́n wa. Ṣùgbọ́n èèpo ẹ̀gẹ́ ní ìyẹ̀fun nínú. Àwọn ọ̀wọ́ kìíní àti ìkejì á jẹ ẹ́ kíákíá, omi á kan kọjá bó ti yẹ, ayan-gàrí á sì kú. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo wa mọ̀ pé májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń rin ín, tí a ń fún un, tí a ń yan án kí a tó fi ṣẹnu. Ewúrẹ́ tó bá jẹ èèpo tútù lájẹjù, olówó rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kòkòrò inú kòtò náà kì í gbádùn májèlé yẹn, pàápàá bí kòtò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àrùn kejì: kùùkù, pòròpórò àti èèpo kòkó

Àwọn wọ̀nyí yàtọ̀. Oúnjẹ wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ó wà nínú àká tí a mọ ògiri yí ká. Ara gbogbo ohun tó bá le bí igi ní okùn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní sẹ́lúlóòsì. Òun ni oúnjẹ kòkòrò. Ohun kan tún wà tó so okùn wọ̀nyí pọ̀ bí sìmẹ́ǹtì ti ń so bíríkì, tí wọ́n ń pè ní lígínìn. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, kòkòrò kò lè jẹ lígínìn. Bí ògiri yìí kò bá lanu, oúnjẹ inú rẹ̀ kò wúlò fún wọn.

Ọ̀kan nínú kọmitíì sọ fún wa pé, “Ẹ̀yin oníwèé, ẹ ti ṣàṣejù. Pàǹtí ni pàǹtí ń jẹ́. Kí ni kì í jẹrà nínú ilẹ̀?” A bọ̀wọ̀ fún bàbá náà, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí wọ́n tún un rò. Igi tó wó sóko a máa jẹrà lóòótọ́. Ta ló ń jẹ ẹ́? Ikán ni, olú ni. Afẹ́fẹ́ sì ni olú ń mí. Nínú kòtò tí a dé pa, olú kò lè gbé ibẹ̀. Ohun tí oko ń fi ọdún méjì ṣe ní gbangba, kòtò kò lè fi 40 ọjọ́ ṣe é nínú òkùnkùn, àfi bí a bá kọ́kọ́ bá a lànà.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí jù. Ní 1922 ni ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá jọ kí wọ́n lè máa ta kòkó tí wọ́n tọ́jú dáadáa. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ti pilẹ̀, kí òfin ẹgbẹ́ tó jáde ní 1935. Kí ni wọ́n kọ́ àwọn bàbá wa nígbà náà? Wọ́n kọ́ wọn pé ẹni tó la kòkó tó sá a lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, owó díẹ̀ ni yóò gbà. Ẹni tó kó o jọ, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ bíi mẹ́fà kó tó sá a, òun ni yóò gba owó gidi. Kòkó kan náà ni o. Ìtọ́jú ló yàtọ̀.

Ẹ wo fùfú: ta ló ń rin ẹ̀gẹ́ tí kò rẹ láti fi ṣe fùfú? Ẹ wo ọṣẹ dúdú: eérú èèpo kòkó ni àwọn ìyá wa ń sẹ́ omi rẹ̀, omi náà a sì máa bó ọwọ́ ẹni tí kò bá ṣọ́ra. Agbára tó ń bó ọwọ́ yẹn gan-an ló lè ṣí ògiri lígínìn. Ọgbọ́n tí à ń wá wà nílé wa tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin tí a lè gbà

Èkíní ni gígé àti lílọ̀. Bí pàǹtí bá ti wẹ́ tó ni ẹnu kòkòrò ti ń ràn án tó, kì í sì í tètè léfòó. Ẹ̀rọ ìringẹ́ wà ní ṣẹ́ẹ̀dì wa. A lè lò ó nírọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ bá parí. Ṣùgbọ́n láti oṣù kárùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, gbogbo wa mọ ohun tí epo ń ná wa. Bí a bá sun epo tó ju gáàsì tí a ó rí lọ, a fi màlúù ra ẹran ewúrẹ́ nìyẹn. Àdá àti ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ lè ṣe pòròpórò. Kí ẹ̀rọ máa bá wa ṣe èyí tó le.

Èkejì ni sísá àti pípò papọ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí a gé wẹ́wẹ́, tí a sá sínú oòrùn fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, yóò ti pàdánù púpọ̀ nínú májèlé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a má ṣe da òun nìkan sí kòtò. Kòkòrò ń fẹ́ kábọ́ọ̀nù 20 sí 30 sí náítírójìn 1, bí ènìyàn ti ń fẹ́ ẹ̀bà púpọ̀ pẹ̀lú ẹran díẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ àti pòròpórò ni ẹ̀bà. Ìgbẹ́ adìẹ àti ìgbẹ́ màlúù ni ẹran. Àwọn tó ń sin adìẹ nínú ẹgbẹ́ wa ń wá ibi tí wọ́n máa da ìgbẹ́ sí. Ọjà ti bá ọjà pàdé.

Ẹ̀kẹta ni rírẹ sínú omi eérú. Eléyìí wà fún kùùkù, pòròpórò àti èèpo kòkó gbígbẹ. Omi eérú á tú ohun tó so okùn pọ̀, á sì tún bá wa pa kíkan inú kòtò díẹ̀. Kí a má kàn án sọ sí kòtò nígbà tó ṣì ń ta lọ́wọ́ o. Àjẹjù eérú á pa kòkòrò gẹ́gẹ́ bí kíkan ti ń pa wọ́n. A gbọ́dọ̀ sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, kí a po pàǹtí náà mọ́ ìgbẹ́, kí a sì fi bébà lítímọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀kẹrin ni kíkó o sí òkìtì. Ọgbọ́n àwọn ará Ṣáínà nìyí. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n gbẹ́ kòtò gáàsì lọ́nà mílíọ̀nù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dákẹ́ nítorí iṣẹ́ ìkánjú àti àìmọ̀ ọ́n tọ́jú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe a máa gé koríko, wọ́n á wọ́n omi eérú tàbí omi láìmù sí i, wọ́n á kó o sí òkìtì fún ọjọ́ bíi mẹ́wàá kó tó wọ kòtò. Nínú òkìtì, afẹ́fẹ́ wà, ooru wà, àwọn ìbátan olú sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ògiri. Ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kó pẹ́ jù, torí oúnjẹ tí òkìtì bá jẹ, kòtò kò ní rí i jẹ mọ́.

Kì í ṣe ẹnu lásán là ń sọ. Ní Landmark University ní Òmù-Àrán, àwọn onímọ̀ tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2017 lórí ewé Akíntọ́lá àti èèpo ẹ̀pà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú mú gáàsì wá ju èyí tí wọn kò tọ́jú lọ. Ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bìnì ti àwọn Faransé, oko Songhai tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ń sọ ìdọ̀tí di gáàsì. Ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kọ́sítíìkì

Àwọn kan ní kí a ra kọ́sítíìkì sódà ká fi yá iṣẹ́. Lóòótọ́, ó lágbára ju omi eérú lọ, òun sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń lò. Ṣùgbọ́n àwa kò fọwọ́ sí i. Èkíní, owó ni à ń rà á, eérú sì wà nídìí àdògán wa lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì, ó lè fọ́ ojú ọmọdé níṣẹ́jú kan. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù fún àgbẹ̀: omi tó bá ṣẹ́kù nínú kòtò lẹ́yìn tí gáàsì bá jáde jẹ́ ajílẹ̀ gidi. Pọ́táàṣì tó wà nínú eérú ń bọ́ ilẹ̀. Sódà ń ba ilẹ̀ jẹ́ bó bá ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Kí a má fi gáàsì ọdún yìí ta oko àwọn ọmọ wa.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ dà sí i

Kì í ṣe gbogbo pàǹtí ni ti kòtò. Ìyẹ̀fun pákó tó wà nídìí ẹ̀rọ ìlagi, kí a fi í sílẹ̀. Lígínìn inú rẹ̀ pọ̀ jù, làálàá tí yóò gbà kò ní pa owó. Èèpo ẹ̀gẹ́ tó mọ́ tó sì gbẹ, bí àwọn alẹ́ran-ọ̀sìn bá ń rà á, ká tà á. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ILRI ní Ìbàdàn ti fi hàn pé ó ṣeé sọ di oúnjẹ ẹran gidi. Èèpo kòkó tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń wá, ká tà á fún wọn. Èyí tí kò ní olùrà, tó ń rà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì tó ń kó eṣinṣin jọ, òun ni ti kòtò.

Ohun tí à ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe

Kí a tó fọwọ́ kan owó àjẹṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kí a dán an wò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì 5 onílítà 25. Kí ìgbẹ́ màlúù inú gbogbo wọn jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Kí a fi èkíní sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ nìkan. Kí a fi pàǹtí tí a kò tọ́jú sí èkejì, èyí tí a gé sí ẹ̀kẹta, èyí tí a gé tí a sì rẹ sínú omi eérú sí ẹ̀kẹrin, èyí tí a gé tí a sì kó sí òkìtì sí ìkarùn-ún. Kí a fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba gáàsì ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sínú ìgò tó kún fún omi, tí a dojú rẹ̀ dé nínú abọ́. Bí gáàsì bá ti ń lé omi jáde, a ó mọ iye tó wọlé. Kí akọ̀wé máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún 40 ọjọ́, kó sì kọ owó epo àti owó iṣẹ́ tí a ná lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá mú gáàsì wá jù lórí náírà kan, òun ni ká mú.

Kí gbogbo ènìyàn kíyè sára. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú iná tàbí sìgá súnmọ́ kẹ́ẹ̀gì tàbí kòtò. Gáàsì tó bá kọ́kọ́ jáde, ká tú u dànù, torí afẹ́fẹ́ lásán wà nínú rẹ̀. Bí a bá sì kọ́ kòtò tán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú rẹ̀ lọ tún un ṣe láìjẹ́ pé ọ̀gá iṣẹ́ wà níbẹ̀; gáàsì inú rẹ̀ lè pa ènìyàn kó tó ké.

Bí ọjọ́ ìdìbò bá dé, ẹ má ṣe sọ pé “rárá”, ẹ má sì ṣe kánjú sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni”. Ẹ ní kí kọmitíì mú ìwé ìnáwó padà, kí wọ́n kọ owó gígé, owó eérú, owó òkìtì àti owó alábòójútó kan sínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìṣirò kẹ́ẹ̀gì 5 hàn wá. Bí ó bá pa owó, àwa náà á bá wọn ru bíríkì. Bí kò bá pa owó, kẹ́ẹ̀gì 5 nìkan ni a pàdánù, akápò wa kò sì ní fojú gba ẹ̀sùn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Owó ẹgbẹ́, owó òógùn ni. Kò sẹ́ni tó máa gún iṣu tútù nínú odó kó retí iyán. Kí a má ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kòtò. Ire o, ó dìgbà ìpàdé.